Owó Inú Àpò, Oúnjẹ Inú Abọ́: Ọ̀rọ̀ Ìsanrajù ní Òkè-Ògùn

Oúnjẹ kì í wọ́n lórí ilẹ̀ lọ́jọ́ ọjà ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn. Èlùbọ́ á wà nínú àpò, àgbàdo àti ọkà bàbà á wà nínú abọ́ ńlá, ẹ̀gúsí, ẹ̀pà, sóyà àti ẹ̀wà á tò tẹ̀lé ara wọn. Àwọn oníirú á ṣí igbá wọn, àwọn obìnrin Fúlàní á gbé wàrà kalẹ̀ nínú omi rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọkọ̀ á ti kó èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù náà gba ọ̀nà Ìbàdàn àti Èkó lọ. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ló wà ní Òkè-Ògùn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àwọn tí kò tíì fojú kan ibẹ̀ rí pàápàá ń jẹ nínú oko ibẹ̀.

Síbẹ̀, nínú àwọn ilé tí kò jìnnà sí oko wọ̀nyí, èèyàn lè bá ọmọ kékeré tí gíga rẹ̀ kò tó ọjọ́ orí rẹ̀, kó sì bá ìyá ọmọ náà tí ara rẹ̀ ti wúwo jù, tí wọ́n ti ní kó máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìkòkò kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ nínú rẹ̀. Bí ìyà oúnjẹ àti ìsanrajù ṣe ń gbé inú ilé kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí, owó sì ni ìdí rẹ̀ ju ọ̀kánjúà lọ.

Ó pẹ́ tí a ti ń fi ìsanra ka owó. Ẹni tó bá ti Èkó dé tó rù, wọ́n á ní, "Kí ló dé? Ṣé kò sí nǹkan?" Ẹni tó bá dé tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, tí ikùn rẹ̀ yọ síwájú, wọ́n á ní àlàáfíà ti hàn lára rẹ̀. Ìyàwó tuntun tí kò sanra láàárín oṣù mélòó kan, àwọn ẹbí rẹ̀ á máa fọgbọ́n wádìí bóyá ọkọ ń tọ́jú rẹ̀. Àwọn àgbà kò sọ̀rọ̀ asán. Nígbà tí oúnjẹ kò fi bẹ́ẹ̀ tó nǹkan, tí oko jìnnà, tí ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn, ẹni tó ní èèyàn tó ń bá a ṣiṣẹ́, tó sì ní ẹran nínú ọbẹ̀, nìkan ló lè sanra. Ní ìgbà náà, owó ni ìsanra ń sọ lóòótọ́.

Àkọsílẹ̀ tó fi bí nǹkan ṣe rí nígbà náà hàn kò jìnnà sílé. Ní Igbó-Ọrà, ìlú Ìbàràpá tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, Yunifásítì Ìbàdàn ti ń ṣe iṣẹ́ ìlera láàárín ará ìlú láti ọdún 1963. Nígbà tó di àwọn ọdún 1990, Richard Cooper, Charles Rotimi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ńlá kan. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìwọ̀n ara àwọn èèyàn ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, ní Jàmáíkà, Saint Lucia àti Barbados, àti ní Maywood, ìlú àwọn aláwọ̀ dúdú kan lẹ́bàá Chicago ní Amẹ́ríkà. Igbó-Ọrà wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni baba ńlá gbogbo àwọn tí wọ́n wọ̀n. Òwò ẹrú ló pín wọn níyà, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀.

Èsì ìwádìí náà jáde ní 1997. Nínú 100 àgbàlagbà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 16 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní àwọn erékùṣù Karibéánì, ó di 26. Ní Amẹ́ríkà, ó di 33. Ìsanrajù náà gun àtẹ̀gùn kan náà: bíi 5 nínú 100 ní Nàìjíríà, 23 ní Jàmáíkà, 39 ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá ń sọ pé "ìran wa ni" nígbà tí dókítà bá dárúkọ ẹ̀jẹ̀ ríru, kó wo òǹkà yìí dáadáa. Ìran kan ni gbogbo wọn. Ibi tí wọ́n ń gbé àti ohun tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀ ló yàtọ̀.

Kí ló wá fà á? Ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sọ́kàn ẹnikẹ́ni ni iṣẹ́ ara. Obìnrin Igbó-Ọrà ń pọn omi, ó ń gúnyán, ó ń fẹsẹ̀ lọ sóko. Obìnrin Chicago ń wọ mọ́tò, ó ń jókòó sí ọ́fíìsì. Amy Luke, ti Yunifásítì Loyola ní Chicago, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò. Wọ́n wọn agbára tí ara àwọn obìnrin ìgbèríko Nàìjíríà ń lò lóòjọ́, wọ́n sì wọn ti àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Chicago. Àwọn ti Nàìjíríà wọ̀n bíi 58 kìlógíráàmù, àwọn ti Chicago wọ̀n bíi 83. Nígbà tí èsì jáde ní 2008, ẹnu ya àwọn olùwádìí fúnra wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣírò bí ara kálukú ṣe tóbi tó, agbára tí iṣẹ́ ara ń gbà lọ́wọ́ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba: bíi 800 kálórì lóòjọ́ ní Nàìjíríà, bíi 760 ní Chicago. Ìyàtọ̀ yẹn kéré ju ohun tó lè fa kìlógíráàmù mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Ohun tó kù ni abọ́. Oúnjẹ oníhóró, iṣu àti ẹ̀gẹ́, ewé àti ẹ̀wà ni àwọn obìnrin Nàìjíríà wọ̀nyí ń jẹ jù. Ọ̀rá inú oúnjẹ wọn kò pọ̀, ẹran kò pọ̀, okun inú oúnjẹ tó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ ya dáadáa sì pọ̀. Ní Maywood, ọ̀rá nìkan ń kó ju ìdá méjì nínú márùn-ún kálórì wọn lọ, oúnjẹ ilé-iṣẹ́ sì kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Eré ìdárayá dára fún ọkàn, fún ẹ̀jẹ̀ àti fún oorun, kò sẹ́ni tó ń jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń sáré kiri pápá láàárọ̀, tó wá ń fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti búrẹ́dì olóyinmọmọ pa ebi lọ́sàn-án, ìwọ̀n rẹ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

Èyí ló fi yẹ ká gba àmàlà lọ́wọ́ àwọn tó ń bú u. Láàárín àwọn tó kàwé, ó ti di àṣà láti máa di ẹ̀bi gbogbo ru àmàlà, bíi pé òkèlè ló dé lánàá. Èlùbọ́ kì í ṣe àjèjì ní Òkè-Ògùn, àwọn tó jẹ ẹ́ dàgbà kò sì tóbi. Abọ́ àmàlà tó ní gbẹ̀gìrì àti ewédú lórí, pẹ̀lú ẹja tàbí wàrà díẹ̀, jẹ́ oúnjẹ tó pé: ẹ̀wà wà nínú gbẹ̀gìrì, ewé wà nínú ewédú, irú sì ti fi tirẹ̀ kún un. Ohun tó yí padà ni ohun tó yí àmàlà ká.

Ẹ wo bó ṣe ń yí padà nínú abọ́ kan ní búkà. Nígbà tí owó bá wà lọ́wọ́, oníbàárà á ní kí wọ́n bu àmàlà méjì, kí gbẹ̀gìrì àti ewédú dọ́gba, kí wọ́n fi ẹran méjì sí i àti ẹja kan. Owó dín kù, ẹja kúrò. Ó tún dín kù, ẹran di ẹyọ kan. Kò pẹ́, ẹran di pọ̀nmọ́. Gbẹ̀gìrì náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn bí omi, torí pé ẹ̀wà ti wọ́n fún olóúnjẹ pẹ̀lú. Ọbẹ̀ ata olóróró dúró síbi tó wà, torí pé òun ló ń jẹ́ kí abọ́ náà lójú. Àmàlà á wá di mẹ́ta kí ebi má tètè padà. Ṣíbí òróró kan, ìyẹn ṣíbí ìjẹun ńlá, ń gbé bíi 120 kálórì wọlé, kò sì ní ewé, kò ní ẹ̀wà, kò ní ohun tó ń kọ́ ẹran ara. Báyìí ni abọ́ aláìlówó ṣe lè wúwo ju ti olówó lọ nínú kálórì, kó sì fúyẹ́ nínú gbogbo ohun tó kù.

Owó ọ̀hún ṣeé ṣírò. Àjọ tó ń ṣe àkójọ ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, NBS, a máa gbé iye tí oúnjẹ aṣaralóore ń ná àgbàlagbà kan lóòjọ́ jáde. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ó jẹ́ ₦1,035 jákèjádò Nàìjíríà. Fún ọgbọ̀n ọjọ́, ìyẹn di ₦31,050. Owó oṣù tó kéré jù lórílẹ̀-èdè yìí nígbà náà jẹ́ ₦30,000. Àgbàlagbà kan tó ń gba owó oṣù yẹn, tí kò sanwó ilé, tí kò wọ ọkọ̀, tí kò rán ọmọ kankan lọ sí iléèwé, kò lè fi gbogbo owó oṣù rẹ̀ jẹ oúnjẹ tó péye fún ara òun nìkan. Ní oṣù keje ọdún kan náà, owó oṣù náà di ₦70,000, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì fi tirẹ̀ sí ₦80,000 kó tó di òpin ọdún. Ṣùgbọ́n oúnjẹ kò dúró de owó oṣù: ní oṣù kẹfà 2024, iye owó oúnjẹ ti fi bíi 41 nínú 100 ga ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà ló ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí NBS ṣírò. Oúnjẹ tó ń kún ikùn, ìyẹn ẹ̀gẹ́, àgbàdo, òróró àti ṣúgà, ni ọwọ́ ṣì tó.

Nítorí náà, nígbà tí nọ́ọ̀sì bá ní kí ìyá kan dín èlùbọ́ kù, kó fi ẹ̀fọ́, èso àti ẹja kún un, òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ní kó ṣe gan-an ni pé kó fi oúnjẹ tó wọ́n rọ́pò èyí tí kò wọ́n, láti inú owó kan náà. Ó yẹ kí àwọn tó ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn máa rántí èyí kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni ní alájẹjù.

Ìwádìí ìlera àwọn ilé jákèjádò Nàìjíríà tí wọ́n ṣe ní 2018 fi ìhà méjèèjì hàn. Nínú 100 obìnrin tó wà láàárín ọdún 15 sí 49, 28 ló ti wúwo jù tàbí tó ti sanra jù. Ní 2008, 22 ni. Nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 37 ni gíga wọn kò tó ọjọ́ orí wọn. Lára àwọn obìnrin, àwọn ti ilé olówó àti ti ìgboro ṣì ló wúwo jù. Iye wọn ju ìlọ́po méjì ti ilé tálákà lọ. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yóò ní ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ṣì rí bó ṣe wà.

Ṣùgbọ́n ó ń yára yí padà. Ní 2009, àwọn olùwádìí kan kó àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè méje jọ ní Áfíríkà, Gánà, Senegal, Burkina Faso, Niger, Kenya, Tanzania àti Malawi, wọ́n sì wo àwọn obìnrin ìgboro nìkan láàárín bí ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dọ̀ àwọn tó lówó jù, iye àwọn tó wúwo jù fi 7 nínú 100 lé sí i. Lọ́dọ̀ àwọn tí kò lówó rárá, ó fi 50 nínú 100 lé sí i. Ọlọ́rọ̀ ló ṣáájú, aláìní ló ń sáré bọ̀ lẹ́yìn.

Ibi tí ọ̀nà yẹn ń já sí hàn lókè òkun. Ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 2011 sí 2014, nínú 100 obìnrin tí owó tó ń wọlé fún wọn kéré jù, 45 ló sanra jù. Lọ́dọ̀ àwọn tó lówó jù, 30 ni. Ní England, ní 2022 sí 2023, àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iléèwé ní àdúgbò tí ìṣẹ́ pọ̀ sí jù, 12 nínú 100 ló sanra jù, àmọ́ kò tó 6 ní àdúgbò àwọn tó rí jájẹ. Àwọn Yorùbá tó ń gbé Peckham àti àyíká rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù mọ ohun tó fà á. Ṣọ́ọ̀bù adìyẹ díndín ti pọ̀ jù níbẹ̀, ìyá tó ń ṣiṣẹ́ méjì kì í sì í ní àkókò láti ro àmàlà lálẹ́.

Ní Òkè-Ògùn, ojú ọ̀nà tuntun àti owó kajú ló ń gbé ìyípadà náà wọlé. Àsìkò kajú, láti bí oṣù kejì sí oṣù karùn-ún, owó a máa dé lọ́wọ́ àwọn tí kò rí i ní ìyókù ọdún, torí pé hóró kajú yẹn ń lọ sí Íńdíà àti Vietnam. Ọ̀nà Moníyà sí Ìsẹ́yìn, tó gùn tó kìlómítà 65, ti dára sí i, ẹrù oko ń tètè jáde, ẹrù ilé-iṣẹ́ sì ń tètè wọlé. Ohun tí owó kọ́kọ́ máa ń rà láti fi hàn pé ó dé ni ìrẹsì, búrẹ́dì, íńdómì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún àwọn ọmọ. Kò sí ohun tó burú nínú kéèyàn gbádùn owó tó ṣiṣẹ́ fún. Ṣùgbọ́n ìgò ẹlẹ́rìndòdò 35 ṣẹ́ńtílítà kan ní ṣúgà tó tó bíi ṣíbí kékeré mẹ́sàn-án, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní ó dára kí ẹnì kan má mu ju bíi ṣíbí mẹ́fà lọ lóòjọ́ nínú gbogbo ohun tó jẹ àti ohun tó mu. Ìgò kan ti kọjá ìyẹn.

Ọ̀kadà ti gba iṣẹ́ ẹsẹ̀, ẹ̀rọ ìlọta sì ti gba iṣẹ́ ọlọ. Ara lè máa lo agbára díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n abọ́ tó ń gbé kálórì púpọ̀ ló ṣe pàtàkì jù.

Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé òun ti kọjá ààlà? Dókítà a máa pín ìwọ̀n ara pẹ̀lú gíga lọ́nà ẹ̀ẹ̀mejì. Bó bá ti di 25, ó ti wúwo jù. Bó bá di 30, ìsanrajù ni. Obìnrin tó ga tó mítà kan àti 60 ṣẹ́ńtímítà dé ààlà kìíní ní 64 kìlógíráàmù, ó dé èkejì ní bíi 77. Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n nílé lè lo téèpù télọ̀. Kó fi yí ikùn ká lókè ìdodo díẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti mí jáde. Fún obìnrin, tó bá ti kọjá 80 ṣẹ́ńtímítà, fún ọkùnrin, tó bá ti kọjá 94, kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ọ̀rá inú ikùn ni ó sún mọ́ àrùn ọkàn àti àtọ̀gbẹ jù.

Ìjọba kò ká ọwọ́ gbera pátápátá. Òfin ìnáwó 2021 fi ₦10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó ní ṣúgà, NAFDAC sì ṣe òfin ní 2022 tó dín irú ọ̀rá líle tó ń ba ọkàn jẹ́ kù sí ìdá méjì nínú 100 ọ̀rá inú oúnjẹ. Méjèèjì dára. Ṣùgbọ́n ₦10 ti ìgbà náà kò jọ nǹkan kan mọ́ lónìí, òfin méjèèjì kò sì fi ẹ̀wà kan kún ìkòkò ẹnikẹ́ni ní Tedé tàbí Kìṣí.

Ẹ̀wà gan-an sì ni ọ̀rọ̀ kàn. Nínú oúnjẹ aṣaralóore tí NBS ń ṣírò, ẹ̀wà, ẹ̀pà àti ẹ̀gúsí ni wọ́n ń náni ní owó tó kéré jù. Nínú 100 gíráàmù ẹ̀wà gbígbẹ, bíi 23 ni purotéènì, ìyẹn ohun tó ń kọ́ ẹran ara, tó sì ń jẹ́ kí ikùn dúró pẹ́ kí ebi tó padà. Ilẹ̀ Òkè-Ògùn ń gbà á. Ohun tó ń mú kó kúrò nínú ìkòkò ni pé àgbẹ̀ kò lè tọ́jú rẹ̀: kòkòrò ẹ̀wà a máa ti oko tẹ̀ lé e wálé, láàárín oṣù mélòó kan ó ti sọ hóró di ìyẹ̀fun. Àgbẹ̀ á tètè tà á lẹ́yìn ìkórè nígbà tí gbogbo ayé ń tà, tí owó rẹ̀ lọ sílẹ̀. Tó bá di ìgbà òjò tí ilé ṣófo, òun àti aya rẹ̀ á wá máa rà á padà ní ọjà, ní iye mìíràn. Ní oṣù kẹwàá 2023, kìlógíráàmù ẹ̀wà pupa kan jẹ́ bíi ₦732 jákèjádò Nàìjíríà. Ní oṣù kan náà ní 2024, ó di bíi ₦2,800. Ẹbí tí kò fi ẹ̀wà sílẹ̀ nílé lọ́dún yẹn ti fi èlùbọ́ àti òróró rọ́pò rẹ̀.

Àpò ìtọ́jú ẹ̀wà kan wà tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà àti àwọn olùwádìí Kamẹrúùnù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1987, tí wọ́n ń pè ní PICS. Ọ̀rá náílọ́nù méjì tó nípọn ló wà nínú àpò òde kan. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó á kọ́kọ́ sá ẹ̀wà kó gbẹ dáadáa, á dà á sínú ọ̀rá ti inú, á fún afẹ́fẹ́ jáde, á sì so àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fún pinpin. Kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ kò ní rí afẹ́fẹ́ mí, kò sì ní sí oògùn kankan tí èèyàn máa fi sẹ́nu lẹ́yìn náà. Wọ́n ń tà á ní Nàìjíríà. Ẹ̀wà tí wọ́n bá so pa bẹ́ẹ̀ ní oṣù kejìlá ṣì ń jẹ́ ẹ̀wà ní oṣù kẹfà, nígbà tí iye rẹ̀ ní ọjà ti lé.